Ọmọ Aládùúgbò

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ilé kan ṣe rí ní tòótọ́, kó dé ibẹ̀ láàárọ̀ Sátidé. Láàárín ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ ló ń bo ọ̀pọ̀ nǹkan mọ́lẹ̀. Kálukú á sáré jáde, kálukú á fi àárẹ̀ wọlé, oorun á sì gbé wọn lọ. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tí wọ́n ní kí bàbá, ìyá àti ọmọ jọ lọ ṣeré, kí wọ́n jọ jẹun lórí koríko, ìgbà náà ni ohun tó wà nílẹ̀ á tó hàn.

Ní ilé Kápẹ́ńtà, ní àjà kejì, ẹyin mẹ́jọ ló ń hó lórí iná láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ìbejì, ń gé búrẹ́dì. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ibi ìfọṣọ ilé ìwòsàn ni obìnrin yìí máa ń wà, tí á máa ká aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn títí apá rẹ̀ á fi kú tipiri. Sátidé ló yẹ kó máa fi sinmi, kò sì rántí ìgbà tó sinmi ní Sátidé gbẹ̀yìn.

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ìyá Nọ́ọ̀sì ni, àgbà obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tó ń gbé nínú yàrá tó dojú kọ tiwọn. Kò wọlé.

"Ìyá Ìbejì, ṣé dáadáa lẹ jí? Mo ní kí n tètè sọ fún ọ ni. Mi ò ní sí nílé lónìí. Wọ́n dá àbúrò mi dúró sí ilé ìwòsàn lánàá, mo fẹ́ lọ jókòó tì í."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ara wọn á yá. Ìgbà wo lẹ máa padà dé?"

"Á di ìrọ̀lẹ́." Ìyá Nọ́ọ̀sì na ọrùn wo inú yàrá. "Ọmọ yẹn ńkọ́?"

"A máa wá nǹkan ṣe sí i, mà."

"Kí lẹ tún ń wá? Ẹ mú un dání. Ṣebí ìwọ lo bí i." Kò dúró gbọ́ èsì. Ọ̀pá rẹ̀ ń kan àtẹ̀gùn lọ sílẹ̀, kò, kò, kò.

Ọmọ tí wọ́n ń sọ, Arọra ni. Ọmọbìnrin méjì ni Ìyá Ìbejì bí lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ jọra: ọ̀kan gbé ojú ìyá, èkejì gbé ojú bàbá. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í balẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Asáré. Èkejì, tí kì í kánjú jẹun, tí kì í kánjú sọ̀rọ̀, òun ni Arọra. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni àwọn méjèèjì, bó bá jẹ́ pé inú ilé la wà. Nínú ìwé ọjọ́ ìbí tuntun tí Kápẹ́ńtà lọ bá wọn ṣe fún Asáré, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, torí pé ilé ẹ̀kọ́ àwọn eléré ìdárayá, níbi tí ọmọ ti ń rí ẹ̀kọ́, oúnjẹ àti ibùsùn gbà lọ́fẹ̀ẹ́, kì í gba ọmọ tó bá ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Ọgbọ́n tó dá nìyẹn, ó sì rò pé ó gún. Ohun tí kò rò ni pé a kì í dín ọjọ́ orí ìbejì kù ní ẹyọ kan. Nígbà tó débi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè iye ọmọ tó bí, òógùn bò ó, ó sì yára kọ "ọ̀kan". Ì bá pe Arọra ní ẹ̀gbọ́n Asáré, kò sẹ́ni tó máa wádìí. Àmọ́ ó ti fi gègé kọ ọ́, wọ́n sì ti lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Láti ìgbà náà, ní gbogbo Sátidé tí wọ́n bá ń lọ sí pápá, ọ̀dọ̀ Ìyá Nọ́ọ̀sì ni Arọra máa ń wà.

Sátidé tòní ló sì ṣe pàtàkì jù. Àwọn èèyàn ilé ẹ̀kọ́ náà ń bọ̀ wá wo eré, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa mú.

"Ẹ gbọ́ ohun tí Màmá sọ?" Ìyá Ìbejì bi ọkọ rẹ̀.

"Mo gbọ́." Kápẹ́ńtà ń fi àkísà nu bàtà ìsáré Asáré, ó ń nù ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. "A máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Oúnjẹ wà, omi wà. Kó gbé póò sínú yàrá."

"Ọmọ ọdún mọ́kànlá lẹ fẹ́ gbé póò fún?"

"Ṣé kó wá máa tọ̀ sílẹ̀ ni?"

"Mi ò bá yín ṣàwàdà o. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́? Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé yìí ńkọ́, ta ló máa ṣílẹ̀kùn fún un?"

"Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀? Ọjọ́ kan ló kù, ìwọ obìnrin yìí. Ọjọ́ kan péré. Tí Asáré bá gba ipò kìíní lónìí, ọ̀nà ti là fún un nìyẹn. Àbí o fẹ́ kó wá bá ọ ká aṣọ àwọn aláìsàn ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Ìyá Ìbejì dé eegun, torí pé kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tí kẹ́míkà ìfọṣọ ti bó. Ó lọ gbé ẹyin kúrò lórí iná.

Àwọn ọmọ méjèèjì wà nídìí tábìlì, wọ́n ń gbọ́. Asáré ò jẹun, ó kàn ń fi ìka rẹ́ búrẹ́dì wẹ́wẹ́. Arọra ní tirẹ̀ rọra gbé omi mì.

"Bàámi," ó ní, "ṣé mo lè ṣí fèrèsé?"

"Má ṣí i. Àwọn èèyàn á máa bi ọ́ ní ìbéèrè láti ìsàlẹ̀."

"Ó dáa, sà."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ti ọmọ mọ́lé. Kápẹ́ńtà kó kọ́kọ́rọ́ fún ìyàwó rẹ̀, ó gbé kúlà oúnjẹ, ó sì fa Asáré lọ́wọ́ sọ̀kalẹ̀. Ìyá Ìbejì tẹ̀ lé wọn. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìsàlẹ̀ nígbà tó gbọ́ tí àga ń họ ilẹ̀ lókè, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ẹni tí ń wọ́ ọ kò fẹ́ kó pariwo. Ó mọ̀ pé ọ̀dọ̀ fèrèsé ni ọmọ náà ń wọ́ ọ lọ, kó lè máa wo títì láti ẹ̀yìn gíláàsì.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò lọ mọ́.

"Ẹ máa lọ, mò ń bọ̀," ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn padà, ó ṣílẹ̀kùn. Arọra wà lórí àga lóòótọ́. Ó tètè sọ̀kalẹ̀.

"Kí lẹ gbàgbé, Màámi?"

Ìyá Ìbejì tọ́ka sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Wọ bàtà ẹ."

Lórí àtẹ̀gùn ló ti ṣàlàyé fún un. Ó di èjìká ọmọ náà mú, ó bẹ̀rẹ̀ títí ojú wọn fi ṣe déédéé. "Gbọ́ mi dáadáa. Níbi tí à ń lọ yìí, ìwọ kì í ṣe ọmọ wa. Ọmọ-ọmọ Ìyá Nọ́ọ̀sì ni ọ́. A kàn bá wọn mú ẹ jáde ni."

"Irọ́ nìyẹn, Màámi."

"Mo mọ̀."

"Kí ni kí n wá máa pè yín?"

"Máa pè mí ní Àǹtí."

"Bàámi ńkọ́?"

"Bùọ̀dá."

Arọra ronú sí i bó ṣe máa ń ronú sí iṣẹ́ ilé ìwé. "Ìgbà wo ni màá tún bẹ̀rẹ̀ sí í pè yín ní Màámi?"

"Tí a bá ti délé."

Ọkàn Ìyá Ìbejì wá fúyẹ́ díẹ̀. Ó rò pé òun ti ṣe dáadáa, òun ò ti ọmọ òun mọ́lé bí ewúrẹ́. Nígbà tí Kápẹ́ńtà rí wọn, ojú rẹ̀ le koko, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ẹgbẹ́ eléré ìdárayá tí Asáré wà ti ń fun fèrè ní ìta, kò sí àyè àríyànjiyàn. Ẹni tó ń tún bàtà ṣe ní igun títì gbé orí sókè. "Ìyá Ìbejì, àwọn méjèèjì lẹ kó jáde lónìí? Ẹ mà kú ìgbádùn o." Ìyá Ìbejì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Láti oṣù mélòó kan báyìí, orúkọ tó fi ń yangàn tẹ́lẹ̀ ti di ohun tó ń já a láyà tí wọ́n bá pè é nítòsí ọkọ̀ yẹn.

Ní pápá, Kóòṣì tó ń kọ́ Asáré ní eré sísá kí wọn tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ó tọ́ka sí Arọra. "Ta lèyí?"

"Ọmọ aládùúgbò wa ni," Kápẹ́ńtà dáhùn, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Ìyá ẹ̀ àgbà ò sí nílé, la bá ní kó wá bá wa gba atẹ́gùn."

"Ẹ ṣeun gan-an. Irú ọkàn tó yẹ kí gbogbo wa ní nìyẹn."

Gbogbo pápá ló kún fún irú ọkàn bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, irun ti ń hù lẹ́nu rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti dún bíi ti bàbá rẹ̀. Òmíràn ga ju ọ̀gá tó ń yẹ ìwé rẹ̀ wò. Ọ̀gá náà wo ìwé, kò wo ọmọ, ó ní kó kọjá. Àwọn òbí tí wọ́n jókòó sábẹ́ àtíbàbà ń rí gbogbo rẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, torí pé ẹni tó bá sọ̀rọ̀, tirẹ̀ náà á jáde. Wọ́n ń pín omi tútù fún ara wọn. Ọ̀rọ̀ náà ń rí ni lára. Ṣùgbọ́n nínú wọn, a máa rí ọ̀kan tàbí méjì tí kò purọ́, àwọn yẹn ló sì ń jẹ ìyà gbogbo wọn.

Ọmọ Ìyá Oníbúrẹ́dì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Kékeré ni wọ́n ń pè é, ó sì kéré lóòótọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án gidi ni, itan rẹ̀ ò ju apá Asáré lọ. Wọ́n ní ní ìdájí ni ọmọ náà máa ń jí, tí á máa sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi ń já búrẹ́dì.

Nígbà tí wọ́n fun fèrè, Kékeré ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Ó sá eré náà tẹ̀mítẹ̀mí. Títí dé ìdajì, òun ló ṣáájú. Asáré wá na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti fi ọdún méjì gùn ju ti ọmọ yẹn lọ, ó kọjá lára rẹ̀ wẹ́rẹ́, ó sì jù ú sílẹ̀. Ó ti débi ìdúró, ó ti yí padà, kí Kékeré tó dé. Ọmọ náà wó sílẹ̀, ó bì.

Kápẹ́ńtà ń fò sókè. Asáré ò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ ń wá ẹnìkan láàárín èrò, ìgbà tó sì rí Arọra, ó sáré lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì nínà. Ó ku bí ẹsẹ̀ mẹ́rin kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà tó rántí. Ó rọ ọwọ́ sílẹ̀, ó yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀.

Ìyá Ìbejì rí i. Ó gbé ojú kúrò.

Lẹ́yìn eré, ọkọ̀ gbé gbogbo wọn lọ sí ìgbèríko, ní etí odò kan tí omi rẹ̀ ń ṣàn jẹ́jẹ́ láàárín pápá koríko, bí ẹgbẹ́ ṣe máa ń ṣe ní gbogbo Sátidé. Wọ́n tẹ́ aṣọ sílẹ̀, wọ́n ṣí kúlà. Àwọn bàbá ń gbá bọ́ọ̀lù, ikùn wọn ń mì. Ìyá Oníbúrẹ́dì wá jókòó ti Ìyá Ìbejì, ó gbé búrẹ́dì gbígbóná tí wọ́n fi aṣọ wé ka iwájú rẹ̀.

"Ìyá Asáré, ẹ bá wa jẹ ẹ́. Èmi ni mo yan án. Mo bá yín yọ̀ o, ẹsẹ̀ ọmọ yín dùn ún wò."

"Ẹ ṣeun. Kékeré náà gbìyànjú."

"Kò gbìyànjú tó," obìnrin náà sọ, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ wò ó níbẹ̀ yẹn, láti ìgbà yẹn ló ti ń sunkún. Mo sọ fún un pé ẹgbẹ́ ẹ̀ ló jù ú sílẹ̀ yẹn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án bíi tiẹ̀, kò sì ní orí méjì. Bàbá ẹ̀ ní láti ọ̀la lọ, ó máa fi wákàtí kan kún eré ìdájí ẹ̀. Kí la fẹ́ ṣe? Ó ní láti le sí i."

Búrẹ́dì náà rọ̀, ó dùn. Ọ̀rọ̀ kan ti dé orí ahọ́n Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ kúkúrú tí ì bá fi ọkàn ọmọ yẹn balẹ̀. Ó rí Asáré lọ́ọ̀ọ́kán, lórí èjìká bàbá rẹ̀, àwọn èèyàn ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó gbé omi mu, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì pẹ̀lú rẹ̀.

Ìyá Oníbúrẹ́dì yíjú sí Arọra, tó rọra ń bó ẹyin. "Ìwọ náà gba búrẹ́dì. Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

Ìyá Ìbejì gbé búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọmọ ọdún mọ́kànlá, mà."

"O ju Asáré lọ nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọdún méjì ni mo fi jù ú lọ."

"Ẹ jọ ń gbé inú ilé kan náà ni?"

"Rárá, mà. Ẹnu ọ̀nà tiwa ló kọjú sí tiwọn. Àǹtí ló ṣàánú mi, wọ́n ní kí n má dá wà."

Ohùn rẹ̀ lọ geere, ojú rẹ̀ ò ṣẹ́. Ọmọ tí kò lè purọ́ pé òun ti fọ eyín tí kò bá tíì fọ ọ́ ni o. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ìdajì ohun tó ń sọ.

"Ìyá ẹ ńkọ́?" Ìyá Oníbúrẹ́dì béèrè.

Arọra gé ẹyin jẹ, ó jẹ ẹ́ tán kó tó fèsì. "Wọn kì í sí nílé ní Sátidé, mà."

"Ó mà ṣe o," obìnrin náà sọ. Ó gbé búrẹ́dì tó tóbi jù lé e lọ́wọ́. Ó wá sọ sí Ìyá Ìbejì létí pé àwọn obìnrin kan ò kúkú yẹ lẹ́ni tó ń bímọ, pé kí wọ́n bá òun wo irú ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ báyìí, kí ìyá rẹ̀ máa fi í sílẹ̀ kiri. Ìyá Ìbejì ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀, Kóòṣì pe Kápẹ́ńtà àti ìyàwó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní àwọn èèyàn ilé ẹ̀kọ́ náà ti mú Asáré. Ohun tó kù ni pé wọ́n á wá sílé lọ́la lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. "Wọ́n máa ń fẹ́ rí ibi tí ọmọ ń sùn, ohun tó ń jẹ, àwọn tó ń bá gbé. Ẹ má ṣe wàhálà kankan. Bí ilé yín ṣe rí gan-an ni wọ́n fẹ́ rí."

Arọra dúró lẹ́yìn wọn, ó di ìgò omi mú. Ó gbọ́.

Ilẹ̀ ò tíì ṣú nígbà tí wọ́n délé. Ìyá Ìbejì ti ilẹ̀kùn, ó fi ẹ̀yìn tì í. "Arọra, a ti délé o. O lè pè mí ní Màámi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," Arọra sọ.

Kápẹ́ńtà ò tilẹ̀ bọ́ bàtà. Yàrá àwọn ọmọ ló wọ̀ tààrà, ó sì dúró wo ibùsùn alájà méjì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn fún wọn nígbà tí wọ́n pé ọdún márùn-ún. Igi gidi ni, kò sí ìṣó kan tó yọrí. Asáré ló ń sùn nísàlẹ̀, Arọra lókè. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú nọ́ọ̀tì ti òkè.

"Ẹ dúró, Bàbá Ìbejì," ìyàwó rẹ̀ sọ. "Ẹ jẹ́ ká rò ó ná."

"Kí la fẹ́ rò? Ta lo fẹ́ sọ fún wọn pé ó ń sùn lókè? Èmi?" Kò gbójú sókè. "Ọ̀la nìkan ni. Màá tò ó padà."

"Ibo ló máa sùn?" Asáré béèrè. Ó bọ́ mẹ́dàlì ọrùn rẹ̀, ó fi í sórí ilẹ̀, ó dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn ìsàlẹ̀ tòun ti bàtà, ó kọjú sí ògiri. Eruku igi ń jábọ́ lé e lórí.

Kí wọ́n tó sọ fún Arọra, ó ti ń palẹ̀ mọ́. Ó ti kó aṣọ rẹ̀ jáde láti inú dúrọ́à, ó ń ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ wọ́n, etí mọ́ etí, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ láti máa ká aṣọ ilé ìwòsàn. Ó yọ ìwé ilé ìwé rẹ̀ kúrò láàárín ti Asáré. Ó yọ fọ́tò àwọn méjèèjì kúrò lára ògiri, ó wò ó díẹ̀, ó fi í sáàárín aṣọ. Ó gbé ìrọ̀rí lé gbogbo rẹ̀ lórí, ó sì jáde. Ìyá Ìbejì wà nídìí ibi ìfọbọ́, ó ń fọ kúlà tí kò dọ̀tí. Ó gbọ́ tí ó kan ilẹ̀kùn Ìyá Nọ́ọ̀sì. Ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn náà ṣí, tí kò sì sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan, títí tí ó fi padé.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun máa lọ mú un padà. Ó nu ọwọ́.

"Bá mi wo ilé ìwẹ̀," Kápẹ́ńtà sọ láti inú yàrá. "Má jẹ́ kí nǹkankan ṣẹ́ kù."

Ó lọ wò ó. Búrọ́ọ̀ṣì mẹ́rin ló wà nínú ife: ńlá méjì, kékeré méjì. Ó yọ kékeré búlúù, ti Arọra. Ó dì í mú pẹ́ níbẹ̀, omi ẹ̀rọ sì ń kán. Ó wá jáde, ó kọjá sí ẹnu ọ̀nà kejì, ó kan ilẹ̀kùn.

Ìyá Nọ́ọ̀sì ṣí i. Ó wo ojú rẹ̀, ó wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí ọmọ náà lè yọjú.

"O gbàgbé búrọ́ọ̀ṣì ẹ," Ìyá Ìbejì sọ.

Arọra kúnlẹ̀ díẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á bí wọ́n ṣe kọ́ ọ kó máa gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà.

"Ẹ ṣeun, Àǹtí."

Asáré lè gbọ́ láti inú yàrá. Kápẹ́ńtà lè gbọ́. Ìyá Ìbejì la ẹnu, ohun tó sì jáde níbẹ̀ ni, "Kò tọ́pẹ́."